Ọkọ̀ tí kì í jí bí òjò bá rọ̀

Ẹ kú òjò o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní Peugeot 504 yín kì í jí láàárọ̀ bí òjò bá rọ̀ mọ́jú ní Àdìgbẹ, pé sítátà ń yí i dáadáa, àmọ́ ẹ́ńjìnnì kì í mú títí oòrùn á fi ràn. Ẹ má tíì ra bátìrì tuntun. Sítátà tó ń yí dáadáa ti fi hàn pé bátìrì kọ́.

Ọ̀rinrin ló wọ ibi tí iná ń gbà kọjá dé púlọ́ọ̀gì, èyí tó ń ṣáná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ tú ìdérí dísítíríbútọ̀, ìyẹn ohun tó ń pín iná fún àwọn púlọ́ọ̀gì, kí ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu inú rẹ̀ àti orí wáyà púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ sàmì sí wáyà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó yọ ọ́ o! Bí wọ́n bá pààrọ̀ ààyè, wàhálà mìíràn nìyẹn.

Ẹ wo inú ìdérí yẹn fínnífínní. Èmi náà jìyà yìí ní Ìbàrà. Mẹkáníìkì pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì fún mi lẹ́ẹ̀mejì, owó lọ, ọkọ̀ kò jí. Ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun ló wà nínú ìdérí: ó ti sán, iná sì ń gba ibẹ̀ jò. Nínù kò lè tún ìyẹn ṣe, ẹ ra òmíràn ni.

Bí ìdérí bá dára, ó ku wáyà. Ní alẹ́, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, ẹ fín omi díẹ̀ sí wọn. Èyí tó bá ń ta iná ti gbó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án, ó ń gbá èèyàn burúkú.