Obìnrin 84 nísàlẹ̀, obìnrin 2 lókè: níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ nílé iṣẹ́ kan tó ń ṣe oúnjẹ inú ọ̀rá n'Íbàdàn. Àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ àti ìdìpọ̀ jẹ́ 130: obìnrin 84, ọkùnrin 46. Láàárín ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, a sọ èèyàn 9 di sùpáfáísọ̀. 7 nínú wọn ló jẹ́ ọkùnrin. Alága wa wá ní kí n wá olùkọ́ tó máa dá àwọn obìnrin lẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ kan, kí wọ́n lè nígboyà. Ọkàn mi ò gbà á, àmọ́ mi ò mọ ohun tí mo máa sọ fún wọn dípò ẹ̀. Owó tó wà nílẹ̀ ò sì pọ̀.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìbéèrè. Iye tí ẹ kọ ránṣẹ́ yìí gan-an ni ẹ máa fi dá Alága lóhùn. Ọkùnrin 7 nínú 46 ló gòkè, ìyẹn bíi 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Obìnrin 2 nínú 84 ló gòkè, kò tiẹ̀ pé 3 nínú ọgọ́rùn-ún. Tí àlàfo bá ti fẹ̀ tó báyìí láàárín àwọn tó jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà lábẹ́ òrùlé kan náà, inú ètò tí ẹ fi ń yan èèyàn ni ká ti lọ wá a. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan ò lè dí i. Ẹni tẹ́ ẹ kọ́ ní ìgboyà lónìí á tún padà sábẹ́ ètò tó ti yọ orúkọ ẹ̀ kúrò kó tó lanu.

Ẹ gbé fáìlì ọdún mẹ́ta sílẹ̀, kí ẹ fa ìlà sínú ìwé kan ṣoṣo. Ní ipò kọ̀ọ̀kan, obìnrin mélòó, ọkùnrin mélòó ló kọ̀wé béèrè iṣẹ́? Mélòó lẹ pè fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, mélòó lẹ gbà, mélòó ló gòkè, mélòó ló fi iṣẹ́ sílẹ̀, oṣù wo ni wọ́n sì lọ? Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò. Tí àwọn obìnrin tó ń lọ bá ń lọ láàárín oṣù mẹ́fà tí wọ́n padà dé láti ìsinmi ìbímọ, a ti mọ ibi tí omi ti ń jò nìyẹn.

Nílé iṣẹ́ bíi tiyín, iṣẹ́ alẹ́ ni màá kọ́kọ́ fura sí. Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà, ní abala 55, ò gbà kí wọ́n fi obìnrin sẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ nílé iṣẹ́ tó ń ṣe nǹkan jáde, àkókò náà sì kó aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago márùn-ún ìdájí mọ́ra. Ó yọ àwọn kan sílẹ̀, bíi nọ́ọ̀sì, àti obìnrin tó wà nípò àbójútó tí kì í fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe iṣẹ́ agbára. Òfin ayé àtijọ́ ni, ó sì ń dun ọ̀pọ̀ obìnrin tó fẹ́ àfikún owó alẹ́, àmọ́ òfin náà ṣì ni. Wàyí o, ẹ lọ wo ohun tí mánéjà ń wò kó tó fi èèyàn ṣe sùpáfáísọ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹ bá a níbẹ̀ pé ẹni náà gbọ́dọ̀ ti darí iṣẹ́ alẹ́ rí. Òfin ní kí obìnrin má wọlé, ilé iṣẹ́ ní ẹni tí ò bá wọlé ò lè dọ̀gá. Kò sẹ́ni tó pinnu láti ré obìnrin jẹ, síbẹ̀ gbogbo wọn ti já sẹ́yìn.

Ẹ bi ara yín pé kí ni iṣẹ́ alẹ́ ń kọ́ni gan-an. Ní alẹ́, ọ̀gá àgbà ò sí nítòsí. Ẹ̀rọ á dákẹ́, iná á lọ, ẹni tó wà níbẹ̀ ló máa pinnu bóyá kí wọ́n da àpòpọ̀ tó wà lórí iná nù tàbí kí wọ́n dá a sí. Ìpinnu yẹn ni ẹ nílò. Ẹ lè fi kọ́ èèyàn ní ọ̀sán: ẹ jẹ́ kí obìnrin tó bá wù ú di adelé sùpáfáísọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí mánéjà má dá sí i, kí ẹ kọ gbogbo ìdádúró ẹ̀rọ àti bó ṣe yanjú ẹ̀ sílẹ̀. Kí ẹ wá pa iṣẹ́ alẹ́ rẹ́ nínú ohun tí ẹ ń béèrè. Bóyá sùpáfáísọ̀ yín fúnra ẹ̀ wà lára ipò àbójútó tí òfin yọ sílẹ̀, ẹ fún lọ́yà kó kà á, kó fọwọ́ síwèé. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ̀ tó máa gbé obìnrin tó bá ṣiṣẹ́ alẹ́ dé ẹnu ọ̀nà ilé di dandan.

Nípa yíyan èèyàn, nǹkan mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ lẹ ipò tó ṣí sílẹ̀ mọ́ pátákó fún ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá, kó má jẹ́ pé etí ni wọ́n ń sọ ọ́ sí. Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ àti máàkì tó wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan kí orúkọ kankan tó wọlé, torí ẹni tó bá ti rí orúkọ tán á wá ohun tó bá ẹni tó fẹ́ràn mu. Kí èèyàn mẹ́ta fún ẹni kọ̀ọ̀kan tó béèrè ipò náà ní máàkì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó jọ sọ̀rọ̀. Tí ọ̀gá bá sọ̀rọ̀ ṣáájú, àwọn tó kù á kàn tẹ̀ lé e. A sì mọ̀ pé nílẹ̀ wa, ta ló fẹ́ já àgbà nírọ́? Kí ẹ sì fagi lé ìbéèrè ṣé o ti lọ́kọ, ṣé o ti bímọ tán. Wọn kì í bi ọkùnrin.

Owó oṣù ńkọ́? Abala 17 nínú Ìwé Òfin 1999 ti ní iṣẹ́ kan náà ni kó gba owó kan náà, láìka akọ tàbí abo sí. Ẹ to àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, tí ọdún wọn sún mọ́ra, sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ibi tí owó bá ti fi ju 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ yàtọ̀, kí mánéjà kọ ìdí ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má gbàgbé àjẹmọ́nú o, torí ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ ń sá pamọ́ sí. Ẹ má sì bi ẹni tuntun léèrè iye tó ń gbà níbi tó ti ń bọ̀. Ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ lọ́hùn-ún, ẹ̀yin náà á máa rẹ́ ẹ jẹ lọ.

Ìsinmi ìbímọ nílé iṣẹ́ aládàáni jẹ́ ọ̀sẹ̀ 12 lábẹ́ abala 54 nínú Òfin Iṣẹ́, 6 ṣáájú ìbímọ, 6 lẹ́yìn ẹ̀. Ẹni tó bá ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ gbà dín sí ìdajì owó ẹ̀, ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú sì ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Èyí tó kéré jù tí òfin fẹ́ lèyí; ẹ lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti ń fún òṣìṣẹ́ ẹ̀ tó jẹ́ obìnrin ní oṣù mẹ́fà fún ọmọ méjì àkọ́kọ́ láti 2014. Ohun tó ń bàjẹ́ jù ni ìpadàbọ̀. Obìnrin á dé, á bá ẹlòmíì lórí àga ẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣe àyẹ̀wò ìparí ọdún, oṣù mẹ́ta tí kò sí níbi iṣẹ́ á di òdo, àjẹmọ́nú á lọ. Ẹ kọ̀wé fún un kó tó lọ nípa ipò tó máa padà sí. Oṣù tó fi ṣiṣẹ́ nìkan ni kí ẹ fi díwọ̀n ẹ̀. Yàrá kékeré kan tó ní kọ́kọ́rọ́, àga, ibi ìkì iná àti fìríìjì kékeré á tó fún fífún ọmú. Ilé ìyàgbẹ́ kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń pèsè oúnjẹ ọmọ. Tí ẹ bá ní kò sówó, ẹ wo iye tí ẹ fi ń ra kéèkì àti aṣọ ẹgbẹ́jọdá ní 8 March, Ọjọ́ Àwọn Obìnrin Lágbàáyé.

Ẹ fún bàbá ọmọ náà ní ìsinmi, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá ó kéré tán, kó sì jẹ́ pé ẹni tí kò fẹ́ ẹ ló máa kọ̀wé. Níwọ̀n ìgbà tó bá jẹ́ obìnrin nìkan ló ń lọ, ọ̀gá tó ń gbani síṣẹ́ á máa wo obìnrin gẹ́gẹ́ bí ẹni tó máa dá iṣẹ́ dúró.

Ọ̀rọ̀ fífi ìbálòpọ̀ yọ ni lẹ́nu kò gùn. Ní 2022, Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àdéhùn 190 ti ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́; àdéhùn náà lòdì sí ìwà ipá àti ìyọlẹ́nu níbi iṣẹ́. Ẹ yan èèyàn méjì láti ẹ̀ka ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí wọ́n máa gba ẹ̀sùn, kí ọ̀kan jẹ́ obìnrin. Kí ìwádìí bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún. Ẹni tó fẹjọ́ sùn kọ́ ni ẹ máa gbé kúrò níbi iṣẹ́ ẹ̀.

Àwọn sùpáfáísọ̀ ọkùnrin á kùn pé ẹ fẹ́ fi ipò ta obìnrin lọ́rẹ. Ẹ fi ìwé máàkì hàn wọ́n, ọ̀rọ̀ náà á rọlẹ̀ díẹ̀. Èyí tó le ni mánéjà tó ń gbọ́ tí kò ṣe é. Ẹ fi iye tó gòkè nínú ẹ̀ka ẹ̀ kún àyẹ̀wò tirẹ̀ gan-an. Kí ẹ má sì gbé obìnrin kan ṣoṣo gòkè láàárín ọkùnrin mẹ́wàá, torí àṣìṣe tó bá ṣe, gbogbo obìnrin ni wọ́n á kà á sí lọ́rùn. Ẹ gbé méjì tàbí mẹ́ta pọ̀.

Fún Alága, ìwé ojú kan péré ni kí ẹ gbé lọ: 15 nínú ọgọ́rùn-ún ọkùnrin àti ohun tí kò pé 3 nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin lókè, iṣẹ́ alẹ́ lágbedeméjì, iye owó fìríìjì àti ọkọ̀ alẹ́ nísàlẹ̀. Tí wọ́n bá ṣì fẹ́ olùkọ́, ẹ ní kó wá kọ́ àwọn mẹ́ta tó ń fúnni ní máàkì.