Ohùn dùn nínú gbọ̀ngàn, kò dùn lórí live: ibo ló ti yingin?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Kámẹ́rà ni èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì fi ń jẹun níbí ní Abẹ́òkúta. Láìpẹ́ yìí, a gba iṣẹ́ live ìsìnkú àgbà kan ní gbọ̀ngàn kan lápá Kútọ̀, nítorí àwọn ọmọ olóògbé tó wà ní Kánádà àti London tí wọn ò lè wálé. Àwòrán dára, kò já rárá. Ohùn ló dójú tì wá. MC ń dún ketekete, àmọ́ ńṣe ni bẹ́ńdì ń dún bí ẹni pé yàrá kejì ni wọ́n wà, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́ gángan. Ẹnu àti ohùn ò tún bá ara wọn lọ. Ẹnìkan tiẹ̀ ní òun ò gbọ́ ohunkóhun lórí fóònù òun, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó lo headphone ní òun gbọ́. Ara mixer (ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po ohùn) ẹni tó ń ṣe sáúǹdù fún bẹ́ńdì la ti fa wáyà, ohùn sì dùn gan-an nínú gbọ̀ngàn. Ṣé ká ra mixer tiwa ni?

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, fi owó mixer sápò ná. Kò sí ohun tó ṣe mixer ọ̀gbẹ́ni yẹn, iṣẹ́ rẹ̀ ló sì ń ṣe. Ohun tí ẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kò pé, ẹ ò sì lè mọ̀ pé kò pé, torí inú gbọ̀ngàn lẹ̀yin náà wà, etí yín ń gbọ́ èyí tó kù.

Iṣẹ́ ẹni tó ń ṣe sáúǹdù níbi ìnáwó ni kó fi kún ohun tí kò bá dún tó. Ohùn olórin ò lè dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn láìsí máìkì, nítorí náà á ṣí i. Kíbọ́ọ̀dù ò lóhùn kankan tí wọn ò bá ki wáyà bọ̀ ọ́, á ṣí ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n gángan ńkọ́? Omele ńkọ́? Dùrọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fi igi lù? Àwọn yẹn ti ń dí èèyàn létí láti orí ìtàgé. Ẹni tó bá tún ṣí máìkì fún wọn nínú gbọ̀ngàn tí kò tóbi, àwọn àgbà tó jókòó níwájú á ránṣẹ́ sí i kíákíá. Nítorí náà, kò gbé máìkì síbẹ̀, tàbí kó gbé e kó má ṣí i. Èèyàn inú gbọ̀ngàn ń gbọ́ ìlù láti inú afẹ́fẹ́, ó ń gbọ́ orin láti inú sípíkà, méjèèjì pàdé ní etí rẹ̀, ó dùn. Kò sí afẹ́fẹ́ nínú wáyà tí ẹ fà. Ohun tó bá gba máìkì kọjá nìkan ló dé Kánádà.

Ìdí nìyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, bí wọ́n bá gbé mọ́tò iṣẹ́ ìta wọn jáde, kì í fi gbára lé mixer gbọ̀ngàn. Láti orí ìtàgé ni wọ́n ti ń pín wáyà máìkì kọ̀ọ̀kan sí méjì: ọ̀kan lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe gbọ̀ngàn, èkejì lọ sínú mọ́tò, níbi tí ẹlòmíràn ti ti ilẹ̀kùn mọ́rí, tó ń po ohùn fún àwọn tó wà nílé.

Ẹ̀yin ò ní mọ́tò, ẹ ò sì nílò rẹ̀. Aux ni kí ẹ bèèrè, ìyẹn ihò mìíràn tí ohùn lè gbà jáde lára mixer. Ọ̀pọ̀ mixer ló ní bíi mẹ́rin, wọ́n sì sábà máa ń lo díẹ̀ nínú wọn fún sípíkà tí olórin fi ń gbọ́ ara rẹ̀ lórí ìtàgé. Bẹ̀ ẹ́ kó fún yín ní ọ̀kan tí kò lò. Lórí aux yẹn, ó lè po ohùn tiyín lọ́tọ̀ láìfọwọ́ kan ti gbọ̀ngàn. Kó gbé máìkì kan sí omele, kó gbé ọ̀kan sí dùrọ́ọ̀mù, kó má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n dé sípíkà, kó kàn fi wọ́n ránṣẹ́ sí yín.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kì í bèèrè: ṣé aux yẹn ń tẹ̀ lé bọ́tìnnì tó ń tì sókè sódò, àbí kò tẹ̀ lé e? Èyí tó ń tẹ̀ lé e ni wọ́n ń pè ní post, èyí tí kò tẹ̀ lé e ni pre. Máìkì MC àti ti olórin gbọ́dọ̀ jẹ́ post. Tó bá jẹ́ pre, nígbà tí ọ̀gbẹ́ni bá ti MC pa nínú gbọ̀ngàn, tiyín ṣì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹni tó bá ti gbọ́ ohun tí MC ń sọ nípa ẹran àti ìrẹsì nígbà tó rò pé máìkì òun ti kú, kò ní fẹ́ kí ọmọ olóògbé gbọ́ ọ ní London. Pre ni ti ìlù, torí bọ́tìnnì ìlù máa wà nílẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ mixer ayé òde òní lè yan èyí fún máìkì kọ̀ọ̀kan. Lórí àwọn ti àtijọ́, odindi aux ló sábà máa ń jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Ibẹ̀ ni mixer kékeré tiyín ti wúlò: máìkì ìlù wọ inú rẹ̀ tààrà, aux ọ̀gbẹ́ni náà wọ inú rẹ̀, ẹ po wọ́n fúnra yín. Kékeré ti tó, bó bá ṣáà ti ní ihò fún gbogbo máìkì yín. Ẹ máa yá a ná kí ẹ tó ronú àtirà á.

Gángan tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, torí kì í dúró síbì kan. Àlejò pàtàkì á wọlé, onílù á sọ̀kalẹ̀ lórí ìtàgé, á lọ bá a nídìí tábìlì, á máa fi ìlù kì í. Ẹ̀yin náà á gbé kámẹ́rà sún mọ́ wọn, torí ibẹ̀ ni ayé wà: wọ́n ń náwó, ìyàwó ilé ń jó, baba ń mi orí. Ẹni tó ń wò lókè òkun rí kọ̀ǹgọ́ tó ń lu awọ, kò gbọ́ nǹkan kan. Oríkì ìdílé rẹ̀ sì ló ń dún o! Mi ò rò pé ohun mìíràn wà tó lè dun ọmọ olóògbé tó báyẹn nínú iṣẹ́ yín. Gbé máìkì gígùn tóóró sórí kámẹ́rà tó ń rìn kiri, kí ohùn rẹ̀ gba wireless wá sínú mixer kékeré tiyín, kí ẹ sì ṣí i nígbàkigbà tí onílù bá ti sọ̀kalẹ̀. Lẹ́yìn náà, gbé máìkì méjì sórí igi gíga níwájú ìtàgé, kó ga ju orí àwọn tó ń jó lọ, kó kọjú sí èrò. Díẹ̀ nínú ohùn rẹ̀ ni kí ẹ fi sábẹ́ ìyókù, kí àmín àti ẹ̀rín èrò lè dé etí ẹni tó jìnnà. Bó bá jẹ́ ìta gbangba, bí iwájú ààfin Aké, ẹ fi ìbòrí onírun bo àwọn máìkì náà nítorí atẹ́gùn. Bó bá sì jẹ́ nídìí Olúmọ, ẹ má kọjú wọn sí àpáta, torí ohùn sípíkà á lu òkúta, á padà wá bá yín lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan lórí fóònù rẹ̀ ló tú àṣírí wáyà yín fún mi. Mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé wáyà balanced lẹ fà láti inú mixer, tí ẹ sì kì í bọ ihò kékeré stereo lára laptop tàbí kámẹ́rà. Nínú wáyà balanced, ohùn kan náà ló ń gba ẹsẹ̀ méjì, àmọ́ wọ́n dojú kọ ara wọn: bí èkíní bá ń ròkè, èkejì ń rodò. Ihò tó jẹ́ balanced mọ bó ṣe máa tún wọn pa pọ̀. Ihò stereo ò mọ̀. Lójú tirẹ̀, ọ̀kan jẹ́ ti etí òsì, èkejì jẹ́ ti etí ọ̀tún. Ẹni tó fi headphone sétí á gbọ́ nǹkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé á máa ṣe é bákan lórí. Fóònù onísípíkà kan á da méjèèjì pọ̀, òkè àti odò á pa ara wọn rẹ́, ó di òfo. Bẹ́ẹ̀, orí fóònù làwọn èèyàn yín ti ń wò ó. Ẹ lo audio interface (ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé ohùn wọ laptop) tó ní ihò line balanced, tàbí kí ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ wáyà dáadáa so èyí tó ń mú ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lọ sí òsì àti ọ̀tún. Ẹ sì rí i pé ihò line ni, kì í ṣe ti máìkì, torí ohùn tó ń ti inú mixer jáde lágbára ju ti máìkì lọ fíìfíì. Tó bá wọ ihò máìkì, á máa fọ́ ṣákaṣàka.

Ti ẹnu àti ohùn kò le. Bí kámẹ́rà yín bá ń ya àwòrán 25 ní sẹ́kọ́ńdù kan, àwòrán kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílísẹ́kọ́ńdù 40. Àwòrán ń dúró díẹ̀ nínú switcher (ẹ̀rọ tí ẹ fi ń yí láti kámẹ́rà kan sí òmíràn), ó tún ń dúró díẹ̀ nínú ẹ̀rọ tó ń gbé e wọ laptop. Ohùn ò dúró níbì kankan, ó gba wáyà kọjá tààrà, nítorí náà òun ló ń ṣáájú. Ohùn tó ṣáájú ẹnu sì ni ara èèyàn ń tètè kọ̀, torí a ò bá a pàdé rí láyé: ẹni tó ń gégi lọ́ọ̀ọ́kán, àáké rẹ̀ la kọ́kọ́ ń rí kí a tó gbọ́ ọ. Ìwọ̀n tí ITU, àjọ àgbáyé fún ìbánisọ̀rọ̀, gbé kalẹ̀ ni pé bí ohùn bá fi nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdù 45 ṣáájú, àwọn èèyàn á ti fura. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ló wà, ó di nǹkan bíi 125. Kí ẹnìkan dúró síwájú kámẹ́rà, lẹ́bàá máìkì, kó pàtẹ́wọ́. Ẹ gbà á sílẹ̀, ẹ ka iye àwòrán tó wà láàárín ìró àti ìgbà tí ọwọ́ pàdé. Àwòrán mẹ́ta jẹ́ 120, òun ni ẹ máa kọ sí Sync Offset nínú OBS, ìyẹn ètò orí laptop tí ẹ fi ń gbé live jáde. Ẹ̀ ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i nígbàkigbà tí ẹ bá pààrọ̀ ẹ̀rọ kankan.

Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti wà nínú OBS, ẹ yọ noise suppression, èyí tó ń pa ariwo, kúrò. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n fi kọ́ ọ. Lójú tirẹ̀, ìlù jẹ́ ariwo, á sì máa gbìyànjú láti pa á. Ẹ ti auto level kámẹ́rà náà pa, èyí tó ń gbé ohùn sókè fúnra rẹ̀ tí ibi gbogbo bá dákẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, nígbàkigbà tí bẹ́ńdì bá mí, fáànù àti jẹnẹrétọ̀ ni gbogbo ayé á máa gbọ́. Bí ohùn bá ń ṣe hùùù lábẹ́lẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibi tí mixer ti ń mu iná yàtọ̀ sí ibi tí laptop ti ń mu tirẹ̀. DI box tó ní transformer, ìyẹn àpótí kékeré tí wáyà ohùn ń gbà kọjá, á gé e. Àwọn kan máa ń gé ẹsẹ̀ earth kúrò lára plug. Ẹ má dán an wò o, iná máa ń pa èèyàn.

Ẹ ò lè ṣe gbogbo èyí láàárọ̀ ọjọ́ ìnáwó nígbà tí bẹ́ńdì ti ń lù. Gba nọ́ńbà ẹni tó ń ṣe sáúǹdù lọ́wọ́ ẹni tó gbéṣẹ́ fún yín, kí o pè é ṣáájú: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Àwa la fẹ́ ṣe live lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ jọ̀ọ́, aux kan la fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ yín, a máa mú wáyà wa wá.” Kí ẹ sì mú un wá lóòótọ́. Má fọwọ́ kan mixer rẹ̀, kódà bí o bá mọ̀ ọ́n jù ú lọ. Kí ẹ fi owó tirẹ̀ kún iye tí ẹ máa bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó gbéṣẹ́ fún yín, ẹni tí wọn ò fún ní nǹkan kan lè rántí lójijì pé aux òun ti bàjẹ́.

Ẹ mẹ́ta lẹ jẹ́. Kí ẹnìkan má di kámẹ́rà mú rárá. Kó gbé headphone tó bo etí pátápátá sórí, kó jókòó jìnnà sí sípíkà, kó máa gbọ́ ohun tó ń jáde nìkan. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kó bọ́ síta, kó gbọ́ live náà lórí sípíkà fóònù lásán. Ó máa ń pẹ́ kó tó dé, nítorí náà kò ṣeé fi po ohùn, àmọ́ á jẹ́ kó mọ̀ bí nǹkan bá ti di òfo.

Ti ìsìnkú yẹn ṣì ṣeé tún ṣe, tí ẹ ò bá tíì pa ohun tí kámẹ́rà gbà sílẹ̀ rẹ́. Gángan wà nínú máìkì kámẹ́rà yín. Ẹ fi sábẹ́ ohùn mixer, àmọ́ kámẹ́rà tó wà lẹ́yìn, ohùn rẹ̀ pẹ́ díẹ̀: nǹkan bíi mítà 340 ni ohùn ń rìn ní sẹ́kọ́ńdù kan, nítorí náà bí kámẹ́rà bá jìnnà sí ìtàgé tó mítà 34, ìdá kan nínú mẹ́wàá sẹ́kọ́ńdù ni ẹ máa fà á síwájú, kó lè tètè dún. Kí ẹ tó ṣe ìyẹn, ẹ mú ẹ̀gbẹ́ òsì ohùn mixer nìkan, ẹ pa ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ́, ẹ fi òsì yẹn sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ohùn á padà sórí fóònù.