Ìpele wo ni kí tísà mú? Èsì láti ọ̀dọ̀ ìyá aláṣọ l'Ọ́jà Ọba

Àbúrò mi tísà ní Tanke, mo rí ìbéèrè rẹ. O ní áàpù tó o fẹ́ fi dín sísanra kù ń bi ọ́ bí iṣẹ́ òòjọ́ rẹ ṣe le tó, pé orí ìdúró lo ti ń kọ́ ọmọ láti aago mẹ́jọ di aago méjì, o sì ń fẹsẹ̀ rìn lọ, rìn bọ̀. Ṣé ìpele kejì ni kó o mú tàbí ìkẹta? Má tíì tẹ ohunkóhun. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tójú mi rí nítorí ìbéèrè kékeré yẹn.

Aṣọ ni mò ń tà l'Ọ́jà Ọba. Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ mí lẹ́nu, wọ́n ní kí n lọ rí àwọn onímọ̀ oúnjẹ ní ọsibítù kan. Ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn kò gbójú sókè wò mí. Ó wọ̀n mí: kílò 85, gíga sẹ̀ǹtímítà 163, ọjọ́ orí 45. Ó ní iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe, mo ní mò ń tajà. “Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, iṣẹ́ yín mà le o.” Bó ṣe fi mí sí ìpele kẹta nìyẹn. Kò bi mí bóyá orí ìjókòó ni mo ti ń tajà. Ká ní ó bi mí ni, ǹ bá sọ fún un pé kẹ̀kẹ́ Màrúwá ló ń gbé mi láti Gáà Akánbí dé ẹnu ọjà, pé ọmọ tó ń bá mi tajà ló ń ṣílẹ̀kùn, tó ń gbálẹ̀, tó ń gun àpótí lọ fa ìdì léèsì sílẹ̀, èmi á sì jókòó sórí àga oníke, màá máa fọwọ́ wọn yáàdì, màá máa fẹnu ná an. Ó ń rẹni o. Oòrùn ọ̀sán Ìlọrin nìkan tó láti pa èèyàn, ká má tíì sọ oníbàárà tó tú ìdì mẹ́fà wò tí kò ra ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kó rẹni lọ́tọ̀, kí ara jó ọ̀rá lọ́tọ̀.

Wo ìṣirò wọn. Èyí tí ọ̀pọ̀ ń lò ni Mifflin-St Jeor, tó jáde ní 1990. Fi 10 sọ kílò rẹ di púpọ̀, fi 6.25 sọ gíga rẹ ní sẹ̀ǹtímítà di púpọ̀, pa méjèèjì pọ̀, kó o yọ ọjọ́ orí lọ́nà 5 kúrò. Obìnrin á tún yọ 161, ọkùnrin á fi 5 kún un. Tèmi jẹ́ bíi kálórì 1,483, ìyẹn ohun tí ara á jó bí mo bá sùn gbalaja tọ̀sántòru. Wọ́n á wá fi ìpele sọ ìyẹn náà di púpọ̀: ìkínní, ti ìjókòó, jẹ́ 1.2, ìkejì, ti ìrìn díẹ̀, 1.375, ìkẹta 1.55, ìkẹrin 1.725. Ó fún mi ní 1.55, ó di 2,298. Ó yọ 500 kúrò kí n lè jò, ó ku 1,798. Ó dáa. Wá fi 1.2 tó jẹ́ tèmi gan-an ṣe é: 1,779. Ṣé o rí i? Oúnjẹ tó ní kí n máa jẹ kí n lè jò, gbogbo ohun tí ara mi ń jó lójúmọ́ kò tiẹ̀ tó o! Ibo ni mo fẹ́ gbà jò?

Mo sì tẹ̀ lé e délẹ̀délẹ̀. Mo ra òṣùwọ̀n, mò ń wọn àmàlà bí ẹni ń wọn wúrà, àwọn ará ilé ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á gbé wàrà díndín kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù, màá wojú ibòmíràn. Wọ́n ní ṣíbí ìjẹun kan òróró tó kálórì 120, mo wá ń fi ṣíbí ka epo sọ́bẹ̀, ọkọ mi ò jẹ ọbẹ̀ náà mọ́. Mo padà lọ, kílò 85. Mo tún padà lọ, kò yẹsẹ̀. Ọmọbìnrin yẹn wá gbójú sókè wàyí: “Màmá, ẹ̀ ń jẹun lóru.” Èèyàn tò sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn mi, ọ̀kan lára wọn sì jẹ́ oníbàárà mi. Mo ní n kì í jẹun lóru. Ó pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá ní gbogbo wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Káàdì mi wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo oúnjẹ, ó wo ìwọ̀n, kò wo ìpele tí wọ́n kọ sójú ìwé kan náà! Ebi tí mo fara dà kò dùn mí tó pé wọ́n pè mí ní òpùrọ́ níwájú ẹni tó ń ra aṣọ lọ́wọ́ mi.

Ọmọ mi ló fi fóònù tú ìṣirò náà wò lálẹ́ ọjọ́ kan. “Ìyá, ta ló sọ pé iṣẹ́ agbára lẹ̀ ń ṣe?” A mú un wá sí 1.2. N ò yọ 500 nínú ìyẹn o, oúnjẹ á kéré jù. Mo yọ díẹ̀, mo sì ń sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ kó tó dé ọjà, kí n fẹsẹ̀ rin ìyókù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Ìwọ̀n láàárọ̀ kó o tó jẹun, téèpù télọ̀ yí ìbàdí, o mọ gbogbo ìyẹn.

Tíì tí wọ́n ń tà pé ó ń fọ ikùn, má dán an wò. Ewé senna ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, ìgbẹ́ gbuuru lásán ni, omi ara ló ń lọ. Bó o bá sì ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, má dín oúnjẹ kù láìsọ fún dókítà, ṣúgà lè já wálẹ̀ lójijì.

Fóònù tó ń ka ìṣísẹ̀ náà, ẹ má gbà á gbọ́ tán. Kòtò ojú ọ̀nà wa tó ń gbo kẹ̀kẹ́ jìgìjìgì, tèmi ń ka òun náà mọ́ ìrìn. Ìṣísẹ̀ 10,000 lójúmọ́ tí gbogbo ayé ń pariwo yẹn, orúkọ ẹ̀rọ ìkàṣísẹ̀ kan tí wọ́n ń tà ní Jàpáánì ní 1965 ló ti wá. Bó o bá sì ti ka ìrìn mọ́ ìpele, má tún jẹ́ kí áàpù fi kálórì ìrìn kan náà kún oúnjẹ rẹ lálẹ́. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ka nǹkan kan lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. Nínú àwẹ̀ Ràmàdáánì ńkọ́? Gbogbo wa là ń jókòó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àkàrà ìṣínu á sì tún wọlé.

Tìrẹ wá. Kì í ṣe ìkẹta. Ká dúró nídìí bọ́ọ̀dù kò fi bẹ́ẹ̀ ju ká jókòó lọ. Àwọn tó ń ṣèwádìí ìrìn ń ka ẹni tí ìṣísẹ̀ rẹ̀ kò tó 5,000 lójúmọ́ mọ́ àwọn ajókòó. Bí ìrìn rẹ lọ àti bọ̀ bá jẹ́ ìrìn gidi, mú ìkejì. Bó bá jẹ́ láti ìta gbangba dé géètì ni, ìkínní ni kó o mú. Bí ilé-ìwé bá gba ìsinmi, dá a padà sí ìkínní. Lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko kó o tó yí nǹkan kan, pàápàá bó o bá jẹ́ obìnrin, nítorí nǹkan oṣù máa ń mú kí omi dúró lára. O ò sọ bí ilé rẹ ṣe jìnnà sí ilé-ìwé tó. Ìṣẹ́jú mélòó ni?