Kí ló dé tí average load test wa (ìdánwò tá a fi èrò púpọ̀ dán sáìtì wò) dáa àmọ́ tí sáìtì ṣì ń falẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n, average yẹn ló ń tàn yín jẹ o. Ẹ ní 0.6 second ni, àmọ́ àwọn oníbàárà tó ń ra àdìrẹ Ìtòkú lórí sáìtì yín ń pariwo. Ẹ wò ó, ká ní request (ohun tí oníbàárà ní kí sáìtì ṣe) 100 wọlé, 95 lo 0.1 second, 5 tó kù lo second 10-10, average ẹ̀ ò ní ju 0.6 lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn márùn-ún yẹn ti bínú lọ. p95 àti p99 ni kẹ́ ẹ máa wò, ìyẹn àkókò tí request 95 tàbí 99 nínú 100 kì í kọjá.

Tẹ́ ẹ bá wá ń fi yúsà kún un láti 100 dé 200 tí iye request tó ń parí ní second kan ò kúrò lójú kan, tí ìdúró sì ń gùn sí i, ó ti kún nìyẹn, bíi bọ́ọ̀sì ní Kútò tí èrò ṣì ń tò síwájú ẹ̀. Tí CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà tó gbé sáìtì) ò bá sì fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, dátábéèsì ni kẹ́ ẹ lọ yẹ̀ wò, connection ẹ̀ (ọ̀nà tí sáìtì fi ń bá a sọ̀rọ̀) lè ti tán. Ẹ yọ error sọ́tọ̀ o, 503 (error tó ń sọ pé sáìtì ò lè dáhùn báyìí) máa ń yára dáhùn, ó máa ń jẹ́ kí average rẹwà lásán.

Ẹ má sì fi kọ̀ǹpútà tí sáfà (ohun tó ń gbé sáìtì yín jáde) wà lórí ẹ̀ ṣe test, torí test àti sáfà á máa du CPU kan náà; èmi náà ti ṣe é rí, result yẹn ò wúlò rárá.