Rọ́bà híta nínú ọkọ̀ háíbíríìdì

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, omi ń jò níbi rọ́bà híta (èyí tó ń gbé omi gbígbóná ẹ́ńjìnnì lọ síbi híta tó ń mú inú ọkọ̀ móoru) ọkọ̀ háíbíríìdì (tó ń lo epo àti iná bátìrì pọ̀) Toyota Prius ọdún 2010 tí mo ń wà láti Yábàá lọ sí Ìkẹjà. Mẹkáníìkì mi ní kí a dí i pa, pé ta ló ń lo híta l'Ékòó. Ṣé kí n gbà?

Ìdáhùn: Ẹ má gbà. Bí ẹ kò tilẹ̀ tan híta rí, omi ẹ́ńjìnnì ń gba ibẹ̀ kọjá. Bí ọkọ̀ bá ti tutù, ẹ fi ọwọ́ tẹ rọ́bà náà: bí ó bá rọ̀ jù, tí ó wú tàbí tí ó sán, ẹ pààrọ̀ rọ́bà híta méjèèjì (èyí tó ń gbé omi wọlé àti èyí tó ń gbé e jáde) pọ̀ pẹ̀lú kílíìpù wọn. Ẹ kọ́kọ́ pa ọkọ̀ náà, kí ẹ sì gbé kọ́kọ́rọ́ jìnnà sí i, nítorí pé ẹ́ńjìnnì háíbíríìdì lè ta jí fúnra rẹ̀ nígbà tí iná READY (tó ń fi hàn pé ọkọ̀ ti ṣetán láti rìn) bá wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ má sì fọwọ́ kan wáyà aláwọ̀ ọsàn, iná tó wà nínú rẹ̀ lè pani. Kúláǹtì (omi oníkẹ́míkà tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù) ni kí ẹ dà sí i, kì í ṣe omi ẹ̀rọ, kí ẹ sì lé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde dáadáa. Agolo kúláǹtì ti ínfátà (ẹ̀rọ tó ń yí iná bátìrì padà fún mọ́tò iná ọkọ̀) dá dúró ní tirẹ̀; ẹ má ṣe ṣì í mú.