Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ṣé Ó Tọ́ Kí Ìlú Ti Ilẹ̀ Àjùmọ̀ní Pa Kí Igbó Rẹ̀ Lè Padà Hù?

Ìbéèrè: Àsàlámù àléékúmù, Alfa wa. Ìlú wa ní ilẹ̀ kan létí odò tí kì í ṣe ti ẹbí kankan. Ibẹ̀ la ti ń ṣẹ́gi, ibẹ̀ lẹran ti ń jẹko, ibẹ̀ la ti ń pọnmi. Igi ti ń tán báyìí, etí odò sì ń ya. Ìgbìmọ̀ ìlú fẹ́ ti apá kan pa fún ọdún mélòó kan, ṣùgbọ́n àwọn kan ní haraamu ni, pé Ànábì sọ pé àjùmọ̀ní ni omi, koríko àti iná. Ẹnì kan náà ti gbin igi sí igun kan níbẹ̀, ó ní ilẹ̀ ti di tòun. Kí ni ẹ̀sìn wí? Ṣé a sì lè fi owó sàká ṣe iṣẹ́ yìí?

Ìdáhùn: Wa aléékúmù sàlámù. Ó tọ́ kí ẹ ti apá kan pa, bí ẹ bá tẹ̀lé ìlànà rẹ̀. Hádíìsì (ọ̀rọ̀ Ànábì) tí wọ́n mú wá wà nínú ìwé Abu Dawud. Ohun tó ń kọ̀ ni kí ẹnì kan gba ohun tí gbogbo ènìyàn ní ìpín nínú rẹ̀ kó sọ ọ́ di tara rẹ̀. Kò ní kí àwọn tó ní ìpín jẹ ẹ́ run. Ẹni mẹ́ta tó jùmọ̀ ní màlúù kan, ìpín tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nínú wàrà kò fún un láṣẹ láti pa màlúù.

Hádíìsì mìíràn tún wà nínú ìwé Bukhari tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ yín jù: "Kò sí himaa àyàfi ti Ọlọ́hun àti ti Òjíṣẹ́ Rẹ̀." Himaa ni ilẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ tí wọ́n sì ń ṣọ́. Nígbà àìmọ̀kan, kí Ìsìláàmù tó dé, alágbára á mú ajá rẹ̀ gun orí òkè, á mú kó gbó. Ibi tí ohùn ajá dé ti di ibùjẹ ẹran tirẹ̀ nìkan, síbẹ̀ á tún máa bá àwọn yòókù jẹ nínú tiwọn. Èyí ni Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fòpin sí. Òun fúnra rẹ̀ ya ilẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Naqi' sọ́tọ̀ fún ẹṣin àwọn Mùsùlùmí, Umar, kálífà kejì, sì ya ilẹ̀ Sharaf àti ti Rabadha sọ́tọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn onímọ̀ Máàlíkì (ìlànà òfin ẹ̀sìn tí a ń tẹ̀lé) wá ka nǹkan mẹ́rin sí i: kí aláṣẹ ló ṣe é, kí ìnílò rẹ̀ wà lóòótọ́, kó má pọ̀ débi tí yóò há àwọn ènìyàn mọ́, kó sì jẹ́ ilẹ̀ tí ilé tàbí oko ẹnikẹ́ni kò sí nínú rẹ̀. Nítorí náà, kí ìgbìmọ̀ yín kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí òfin fi ilẹ̀ náà sí níkàáwọ́. Láìsí èyí, àdéhùn lásán ni, ẹni tó bá fọwọ́ sí i nìkan ló dè.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró sí dáadáa ni ọ̀rọ̀ tí Umar bá Hunayy sọ, ẹni tó fi ṣọ́ himaa. Ó ní kó rọra ṣe pẹ̀lú àwọn Mùsùlùmí, kó bẹ̀rù èpè ẹni tí wọ́n bá ṣàbòsí sí. Ó ní kó jẹ́ kí ẹni tó ní ràkúnmí díẹ̀ àti àgùntàn díẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n kó ṣọ́ra fún ẹran àwọn ọlọ́rọ̀ méjì, Abdur-Rahman ọmọ Awf àti Uthman ọmọ Affan: bí ẹran tiwọn bá kú, wọ́n ní oko àti ọ̀pẹ dàbínù tí wọ́n á padà sí. Tálákà tí ẹran tirẹ̀ bá kú, ọ̀dọ̀ Umar ni yóò kó ọmọ rẹ̀ wá, omi àti koríko sì rọrùn fún Umar ju wúrà àti fàdákà lọ. Ẹ wo àwọn tó dárúkọ! Ẹni tí wọ́n ti fún ní ìró ìdùnnú Àlùjánnà ni àwọn méjèèjì, síbẹ̀ kò ní kí wọ́n kọ́kọ́ wọlé. Lọ́pọ̀ ìlú lónìí, òdìkejì là ń rí: wọ́n á lé obìnrin tó ń ṣẹ́gi, ẹran ọmọ ìgbìmọ̀ á máa wọlé lálẹ́. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ajá orí òkè ló ti padà dé yẹn.

Ẹ má ti gbogbo ilẹ̀ pa lẹ́ẹ̀kan náà. Kí darandaran, obìnrin aṣẹ́gi àti àgbà tó mọ ààlà jọ fẹsẹ̀ rin ín ká, kí ẹ ri òpó mọ́lẹ̀ níṣojú àwọn tó múlé gbè é. Ìdá kan nínú mẹ́ta tó fún ìbẹ̀rẹ̀, apá tó ti bàjẹ́ jù, kí ọ̀nà omi sì ṣí sílẹ̀ gbayawu, nítorí hádíìsì Bukhari àti Muslim kọ̀ kí wọ́n fi omi tó ṣẹ́ kù du ènìyàn. Ẹ kọ ọjọ́ tí títì bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò parí sílẹ̀. Títì tí kò lọ́jọ́ ni àwọn ènìyàn ń já wọ̀.

Ẹ má sì sáré gbingi. Kùkùté tí gbòǹgbò rẹ̀ ṣì wà láàyè yóò rúwé fúnra rẹ̀ bí ẹran kò bá dé ibẹ̀. Ẹ fi òjò ọdún kan wò ó ná. Ibi tó bá ṣófo pátápátá ni kí ẹ gbin igi ilẹ̀ náà sí nígbà tí òjò bá fìdí múlẹ̀. Kí fífẹ̀ ihò tó ìlọ́po méjì ọ̀rá irúgbìn, kí ẹ ya ọ̀rá náà kúrò (ọ̀pọ̀ ló ń sin ín mọ́ igi, gbòǹgbò á wá máa ká mọ́ ara rẹ̀ títí yóò fi kú), kí ọrùn gbòǹgbò, ibi tí gbòǹgbò ti pàdé igi, sì dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ ló ń pa á jù, nítorí náà ẹ má gbin ju iye tí ẹ lè bomi rin lọ.

Ohun kan tí àwọn ìgbìmọ̀ kì í rò ni iná. Bí ẹran kò bá jẹko mọ́, koríko á ga, á gbẹ, ìṣáná kan ṣoṣo á sì jó gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn olóhun-ọ̀sìn fi dòjé gé koríko náà rù jáde kó tó gbẹ, kí ẹ sì ro ẹ̀gbẹ́ ààlà yíká kí ẹ̀ẹ̀rùn tó mú. Èyí ní ẹsẹ̀ nínú ẹ̀sìn: Ànábì kọ̀ kí wọ́n gé igi haramu Mẹ̀dínà (ilẹ̀ ọ̀wọ̀ tó yí ìlú náà ká), ṣùgbọ́n nínú hádíìsì tí Abu Dawud gbà, ó yọ ẹni tó fẹ́ fún ràkúnmí rẹ̀ lóúnjẹ sílẹ̀. Igi gbígbẹ tó ti wó náà, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn aláìní.

Ẹ san owó oṣù fún ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ tí kò rówó gbà, àwọn tó ń lé ni yóò máa bọ́ ọ. Ní ti owó ìtanràn, èrò tó lágbára lọ́dọ̀ Máàlíkì ni pé a kì í fi gbígba owó jẹni níyà. Ẹni tó bá gé igi tútù, iye ohun tó bàjẹ́ ni kó san, tàbí kó tún un gbìn.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó gbingi kò le. Òótọ́ ni pé ẹni tó bá jí òkú ilẹ̀ (ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lò) dìde ló ni ín, ṣùgbọ́n ìparí hádíìsì náà ni pé gbòǹgbò alábòsí kò lẹ́tọ̀ọ́. Ilẹ̀ yín kì í ṣe òkú ilẹ̀. Àwọn Máàlíkì sọ pé ibi tí ará ìlú ti ń ṣẹ́gi àti ibi tí ẹran wọn ti ń jẹ, tí wọ́n lè lọ kí wọ́n sì bọ̀ lọ́jọ́ kan náà, ara ìlú ni. Ànábì pàápàá fún ọkùnrin kan, Abyad ọmọ Hammal, ní ibi iyọ̀ kan ní Ma'rib, nílẹ̀ Yemen. Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé iyọ̀ ibẹ̀ dà bí omi tí kì í gbẹ, ó gbà á padà. Kí ẹni tó gbingi sórí ilẹ̀ yín rántí pé ẹni tó bá gba ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan nínú ilẹ̀ lọ́nà àìtọ́, ilẹ̀ méje ni wọ́n máa fi kọ́ ọ lọ́rùn. Síbẹ̀, bí kò bá mọ̀, ẹ bá a ṣe súlúhù, kí ẹ parí ọ̀rọ̀ náà ní ìtùnbí-ìnùbí. Kó fi igi náà sílẹ̀ fún ìlú, láádá rẹ̀ ṣì wà: ohun tí ènìyàn, ẹyẹ tàbí ẹran bá jẹ lára ohun tí Mùsùlùmí gbìn, sàráà ni fún un.

Sàká ńkọ́? Ọ̀nà mẹ́jọ tí Súrà Tawbah, aaya 60, kà sílẹ̀ ni sàká ní, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn onímọ̀ kò sì fi òpó ààlà, irúgbìn tàbí owó ẹ̀ṣọ́ kún un. Ẹ fi sàráà ṣe é, tàbí wákáfù: bí ẹnì kan bá ní ohun tó ń mówó wọlé, kó dá a dúró bí Umar ti dá ilẹ̀ rẹ̀ ní Khaybar dúró, a kò ní tà á, a kò ní fi tọrẹ, a kò ní jogún rẹ̀, èrè rẹ̀ ni kó máa bọ́ ilẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n opó tó ń ta igi ìdáná jẹun, tí títì yìí wá gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀, ẹ lè fún un ní sàká nítorí àìní rẹ̀, kó sì tó ọjọ́ tí ẹ máa ti ilẹ̀ ni kó ti dé ọwọ́ rẹ̀.

Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.