Ṣé àṣìṣe àwọn òǹkọ̀wé ni bí ojú Dókítà, olú ẹ̀dá ìtàn, ṣe ń yí padà nínú Doctor Who, eré tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì?

Rárá o. Àríyànjiyàn yìí ò tán láàárín àwa tá a jọ ń wò ó ní Tanke, Ìlọrin. William Hartnell ló kọ́kọ́ ṣe Dókítà ní 1963. Nígbà tó di 1966, ara rẹ̀ ò le mọ́, ni wọ́n bá dọ́gbọ́n sí i: Dókítà kì í ṣe ọmọ aráyé, bó bá ti fẹ́ kú, ara tuntun ni yóò gbé wọ̀. Patrick Troughton gba ipò rẹ̀, kò sì fara wé e rárá. Aláwàdà tó ń fọn fèrè ló sọ Dókítà dà. Lójú tèmi, òun ló gba eré náà là.

Ibi tó yẹ kẹ́ ẹ ti bá wọn jà ni ti 1976: wọ́n ní ìgbà méjìlá péré ló lè yí padà. Nígbà tí ìgbà méjìlá náà pé ní 2013, wọ́n kàn bu òmíràn fún un sí i ni!